Ẹyin Mẹ́ta Àparò

Àlọ́ ni mo gbé dé o, ẹ̀yin ọmọ!
Àlọ̀! Ẹ pa á fún wa, Bàbá!

Ẹ gbọ́ bí ẹyin mẹ́ta tí Àparò ń sàba lé ṣe ṣègbé. Tàkúté ti pa ọkọ rẹ̀, kò sì ní ọmọ mìíràn.

Agílíńtí ló ń fẹ́ jẹ ẹyin náà, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù ẹnu ṣóńṣó Àparò. Ó gun orí ebè, ó sì pariwo kí gbogbo ẹyẹ lè gbọ́: “Àparò alákìísà! Ṣé aṣọ kan náà lo máa wọ̀ dójú ikú ni?”

Àdàbà, aládùúgbò rẹ̀, dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Àparò, má dìde o,
Jókòó!
Ẹyin á tutù o,
Jókòó!

Àparò jókòó. Lọ́jọ́ kejì, Agílíńtí bú ìyá rẹ̀. Àparò sunkún, síbẹ̀ ó jókòó.

Lọ́jọ́ kẹta, Agílíńtí ní: “O rò pé ọkọ rẹ ò rí tàkúté yẹn? Ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ ni, kó lè sinmi lọ́wọ́ ẹ!”

Àwọn ẹyẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gà bi Àparò pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà á sì dákẹ́?”

Àdàbà tún dárin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbè é. Àparò fò dìde. Ó lé Agílíńtí dé etí odò, ó sì ṣá a lójú. Àwọn ẹyẹ pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó padà dé, ìyàwó Agílíńtí, tó ti lúgọ sínú koríko, ti gbé ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì, ó sì ti lọ.

Ojú Agílíńtí ti jinná. Àparò kò tíì yé ẹyin mìíràn.