Òkìtì Ọjọ́ Jíjẹrà Nínú Igbó Ó-Dọ̀la

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ kí ó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́, nítorí ìtàn tí èmi Ọdẹ́tọ́lá fẹ́ sọ yìí, ẹ̀gbin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí ó sì gbin jù nínú rẹ̀, èmi fúnra mi ni. Túù! Ẹ má bínú sí itọ́ tí mo tu.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Ọdẹ́níran, ọdẹ ni bí èmi náà, ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ ni láti ilé mi dé abúlé rẹ̀. Òun ni ó gbé mi kọ́ èjìká jáde nínú igbó nígbà tí ẹfọ̀n kàn mí mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, odidi ọdún mẹ́ta ni n kò fi yọjú sí i. Kò ṣẹ̀ mí o! Lónìí mo ní òjò ṣú, lọ́la mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, n ó sì tún sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé Ọdẹ́níran ń sá lọ ni? N ó lọ lọ́la." Ìyàwó mi a wò mí, a pòṣé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tọ ipasẹ̀ ẹtu kan wọ igbó tí n kò dé rí, òórùn burúkú kan sì gbá mi nímú tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fi ewé dí ihò imú, mo rìn síwájú, ni mo bá rí iwin kan tí ó jókòó ti òkìtì nǹkan tí a fi ewé pọ́n bí ẹ̀kọ. Egbò bo ara rẹ̀, ọyún ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ikùn, ó sì ń fi ìka nù ún lá. Ó ń tú ewé, ó ń gbé mì, ìdin ń já bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Mo pariwo pé, "Kí ni ò ń jẹ, ìwọ ẹlẹ́gbin yìí?"

Ó gùfẹ̀ sí mi lójú. "Ọjọ́ ni mò ń jẹ. Ó-dọ̀la ni orúkọ mi. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá ní ẹ ó lọ wo ọ̀rẹ́ yín tí ẹ kò lọ, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń wá jẹrà sí. Tìrẹ ló sanra jù. Gbà, tọ́ ọ wò."

Ó ju ọ̀kan sí mi, mo tú u. Ọjọ́ tí Ọdẹ́níran sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ni mo rí nínú ewé náà: ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀, ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀. Ìdin ti jẹ àga náà dé ìdajì. Mo bì, mo bì títí ìfun mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, iwin náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé, "Ọjọ́ mélòó ló kù fún èmi àti Ọdẹ́níran?"

"N kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tòní ti ń rùn díẹ̀díẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sá! N kò yà sílé, abúlé Ọdẹ́níran ni mo gbà lọ tààrà, oòrùn ọ̀sán sì ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀. Mo bá a lórí ẹní lábẹ́ igi odán, mo sì fi ojú aláìnítìjú kí i pé, "Ọdẹ́níran, o kú ọjọ́ mẹ́ta!"

Ó yí orí kiri. "Ta ni yẹn?"

"Èmi ni, Ọdẹ́tọ́lá."

"Ẹni yìí, má fi òkú ṣeré, mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní ọdẹ kan kú ní ìlú Ọdẹ́tọ́lá. Mo ní bí kì í bá ṣe Ọdẹ́tọ́lá ni, òun fúnra rẹ̀ á wá sọ fún mi. Mo retí rẹ̀ títí, n kò rí i. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe ìṣípà rẹ̀, gbogbo ètò tí à ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú ni mo ṣe."

Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú mi, imú mi, ẹnu mi, ó bú sẹ́kún. Nígbà tí ó dákẹ́, ó ní ojú òun ti fọ́ láti ọdún méjì, ó sì bi mí bóyá mo ti hewú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orí mi ti funfun.

Ó ní, "Ì bá wù mí kí n rí i."

Ìyẹn ni mo gbé padà wálé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí lẹ tún jókòó tì mí sí? Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ kò ní ọ̀rẹ́ ni? Ẹ dìde, ẹ máa lọ!