Ilẹ̀kùn Tí Àjàdí Kàn fún Jagun
Jagun tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù ti Àjàdí gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́ yàrá kan ṣoṣo tó ní ilẹ̀kùn nínú agboolé rẹ̀, ó ní kò ní padà sílé àfi tó bá kan ilẹ̀kùn ìta tí kò ní wọ́ láé. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó Àjàdí ti bí àkọ́bí wọn, ìkómọ ku ọ̀túnla, ọ̀nà ilé nìkan ni Àjàdí sì ń wò lójú fèrèsé. Ó ní fún Jagun pé, "Bàbá, igi tútù lẹ fún mi, yóò wọ́ bó bá ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n wá gbígbẹ nínú agboolé yín." Jagun rẹ́rìn-ín. "Mú èyí tó wù ọ́, oníjàngbọ̀n!" Kò sí igi tó gbẹ tó ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n tì í mọ́, tó ti rí ogún ọyẹ́. Àjàdí tú u, ó fá a dán, ó kun ojú rẹ̀ méjèèjì lọ́dà kí apá kan má baà mu omi ju èkejì lọ, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà Jagun. Ó tọ́ gbọnrangandan. Jagun ní, "Ẹ tì í mọ́lé títí òjò yóò fi dán an wò." Àjàdí dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, kí ni wọ́n ó fi tì mí? Ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ tì mí mọ́ lẹ ń wò yẹn. Bí wọ́n bá tú u, ilé yín ló ṣí sílẹ̀ fún ọ̀tá." Kí Jagun tó wo ilẹ̀kùn náà tán, Àjàdí ti wà lójú ọ̀nà. Wọn ò tíì pe orúkọ ọmọ náà nígbà tí bàbá rẹ̀ na ọwọ́ gbà á.