Bí Òwe Gèlè Ṣe Di Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Òwe kan wà tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń pa á lónìí kì í pa á tán. Wọn a ní, "Gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé," wọn a sì dákẹ́, bí ẹni tí ó gun àkàbà dé ìdajì tí ó rò pé òun ti dé orí àjà. Ìdajì kejì ń bẹ: "ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni." Ẹni tí ó bá ní làákàyè yóò béèrè pé: bí obìnrin bá ti ní gèlè, tí ó sì mọ̀ ọ́n wé, kí ni ó tún kù? Kí sì ni ó dé tí ẹsẹ̀ kan kò fi tó òwe náà dúró? Ìtàn tí ó dáhùn nìyí.

Kí òmìnira tó dé, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Ìdí-Ọ̀dán, ọkọ̀ ojú irin kì í purọ́. Bí wọ́n bá ní ìyálẹ̀ta ni yóò dé, ìyálẹ̀ta náà ni yóò dé, èéfín rẹ̀ ni àwọn ìyá sì fi ń mọ àkókò tí ó yẹ kí wọ́n gbé ìkòkò kaná. Aṣọ náà kì í purọ́ láyé ìgbà yẹn. Òfì tí ìyá bá fi ṣe ìyàwó, ọmọ rẹ̀ a tún fi ṣe ìyàwó, kò ní ṣá.

Adédùntán ni aránṣọ tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, ó sì wà ní ojú ọ̀nà ibùdókọ̀. Ohunkóhun tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìbáà ṣe bùbá, ìbáà ṣe gèlè, ó máa ń fi òwú pupa ya ìràwọ̀ kékeré kan sí ìṣẹ́tí rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní Oníràwọ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá wọ Oníràwọ̀ a máa rọra yí ìṣẹ́tí náà síta, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà ṣàìrí i.

Adédùntán ní ọgbọ́n kan. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń ti Èkó bọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò lọ dúró ní ibùdókọ̀ bí ẹni tí ń retí àlejò. Kò retí ẹnì kankan. Ọrùn bùbá, gígùn apá, bí àwọn obìnrin ṣe ró ìró: ìwọ̀nyí ni ó ń wò. Ọ̀gá ibùdókọ̀ a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Oníràwọ̀, àlejò yín yìí mà pẹ́ o! Ṣé ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn bọ̀ láti Èkó ni?"

"Ẹ jẹ́ kí ó máa rọra bọ̀, ọ̀gá. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ni í gbé ẹrù rere dé."

Ní ọjọ́ kan, ẹrù náà dé. Orí obìnrin kan ni ó wà. Mogbọ́nọlá ni orúkọ obìnrin náà, ìyàwó tíṣà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Gèlè tí gbogbo obìnrin Ìdí-Ọ̀dán mọ̀ ni èyí tí ó dúró ṣánṣán, tí etí méjèèjì hàn síta. Ti Mogbọ́nọlá dà sí apá òsì. Ó bo etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, igun rẹ̀ kejì sì gbéra sókè ní apá ọ̀tún bí ìyẹ́ àdàbà tí ó fẹ́ fò. Ó yẹ ẹ́ dé ibi pé àwọn alábàárù gbàgbé ẹrù tí wọ́n rù.

"Àṣà Èkó ti dé," ni Adédùntán wí lọ́kàn ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọbìnrin bí i mélòó kan ti da gèlè tiwọn sí òsì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, kò sí ìjókòó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní gèlè dídà. Wọ́n sọ ọ́ ní "Ìyàwó Tíṣà". Ṣùgbọ́n wíwé rẹ̀ kò rọrùn. Bí òmíràn bá wé e tán, yóò tú sí i lọ́rùn kí àlùfáà tó parí ìwàásù.

Ibẹ̀ ni Adédùntán ti rí ọ̀nà. Ó ń jókòó sí ẹ̀yìn Mogbọ́nọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi mọ ìṣẹ́po gèlè náà kọ̀ọ̀kan sórí. Ó kó gbogbo gèlè òfì tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi sítáàṣì mú kí wọ́n gan, ó sì rán wọn ní dídà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá rà á kàn máa gbé e dé bí fìlà ni. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kéde:

"Gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé! Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n wé, Oníràwọ̀ ti bá yín wé e!"

Ìkéde náà dùn létí. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré òṣùpá. Àwọn ìyá wọn ń ra gèlè náà bí ẹni ra iyọ̀.

Ọjọ́ Àjíǹde ni gbogbo wọn dé e jáde. Ó dà bí ẹni pé orí kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé kiri láti ọrùn dé ọrùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ gùn di ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún di ẹni tí ó wú. Ìyá àgbà kan tí ó wà ní ìjókòó iwájú yíjú wẹ̀yìn, ó ní:

"Ẹ gbà mí o! Ṣé eyín ni ó ń dun gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni?"

Ẹ̀rín ti ìjókòó iwájú bẹ̀rẹ̀, ó sì dé ẹnu ọ̀nà kí àlùfáà tó rí i pa.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ìyá Ìbíwùmí dé ṣọ́ọ̀bù. Ìbíwùmí ni ìyàwó tí gbogbo ìlú ń retí ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Oníràwọ̀ ni wọ́n sì gbé aṣọ rẹ̀ fún láti orí dé ẹsẹ̀.

"Adédùntán, ìràwọ̀ rẹ ti já o! Ọmọ mi gbé gèlè rẹ lé orí, ó wo dígí, ó ti ń sunkún láti àná. Ó ní òun kò ní jáde bí ẹni tí agbọ́n ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Ẹ ṣe sùúrù, mà. Bóyá kò dé e dáadáa ni."

"Kò dé e dáadáa? Ṣebí ìwọ ni o ní o ti bá wa wé e! Gbọ́ o. Bí ọmọ mi bá di ẹni ẹ̀rín lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni n óò máa júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ fún ará ìlú, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ yà sí."

Adédùntán mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ìràwọ̀ pupa bá di ẹ̀sín ní ìgbéyàwó yẹn, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ó gbọ̀nà ilé tíṣà, kí ó lè mọ ohun tí òun kò rí lára gèlè náà.

Mogbọ́nọlá ń gbá àgbàlá, kò wé nǹkan kan sórí. Nígbà tí ó gbọ́ ohùn àlejò, ó sáré fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ọwọ́ pẹ́. Adédùntán ti rí i: etí òsì kò sí níbẹ̀ mọ́, àpá iná ni ó kù, ó sì ká dé ẹ̀bá ojú.

"Má bínú, ọmọ mi. N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin ni ẹ ń ta etí mi kiri ìlú, mà."

"Kí ni o wí?"

"Àtùpà ni ó gbiná mọ́ mi lára nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtìjú ni mo ti ń fi gèlè bò ó. Nígbà tí àwọn ará ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í da gèlè tiwọn, mo rò pé wọ́n ti mọ̀ ni. Mo rò pé wọ́n ń sín mi jẹ. Mo ti ń bẹ ọkọ mi pé kí a padà síbi tí a ti wá."

Adédùntán jókòó sórí odó tí ó wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní ìjókòó. "Àṣà Èkó ni mo pè é."

"Èkó kọ́, mà. Iwájú dígí ni. Mo ń tú u, mo ń tún un wé, títí ojú mi fi gbà á."

Adédùntán dìde kúrò lórí odó náà. Ó wá ròyìn Ìbíwùmí, ṣùgbọ́n kò bẹ Mogbọ́nọlá pé kí ó ṣe ohunkóhun; kò ní ẹnu tí yóò fi bẹ̀ ẹ́. Mogbọ́nọlá gbá àgbàlá náà tán. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a lọ."

Ìbíwùmí kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nígbà tí wọ́n wọlé.

"Tiyín yẹ yín, aǹtí. Orí tèmi ni kò dára."

Mogbọ́nọlá kò bá a jiyàn. Ó tú gèlè rẹ̀ níwájú ọmọ àti ìyá. Ìyá Ìbíwùmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ohun tí mo ń bò nìyí," ni Mogbọ́nọlá wí. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni o fẹ́ bò?"

Ẹkún Ìbíwùmí dá. "Kò sí, aǹtí."

"Kí wá ni a ń bo etí ẹlẹ́tí sí?"

Adédùntán mú abẹ, ó já òwú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán sí gèlè Ìbíwùmí. Ó fọ sítáàṣì kúrò, ó sá gèlè náà gbẹ, ó sì ti rọ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti Ìbíwùmí, ó wo ojú rẹ̀ kí ó tó wo aṣọ, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí Ìyàwó Tíṣà ti gbòde. Ọrùn ọmọ náà gùn, iwájú orí rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ méjèèjì sì kéré tónítóní bí etí ọmọ ọwọ́. Òun àti Mogbọ́nọlá wé e, wọ́n tú u, wọ́n tún un wé, títí Ìbíwùmí fi rẹ́rìn-ín sí dígí kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó ti dára.

Ìyá rẹ̀ wò ó lọ, wò ó bọ̀. Ó kọjú sí Adédùntán.

"Ìkéde rẹ yẹn, ẹsẹ̀ kan ni ó ní. Gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, òótọ́ ni. Ká mọ̀ ọ́n wé ńkọ́? Kò dà bí kó yẹni."

Adédùntán kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Bẹ́ẹ̀ ni n óò máa kéde rẹ̀ láti òní lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe. Kò rán gèlè ní dídà mọ́. Ẹni tí ó bá wá, ó di iwájú dígí. Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, kò sí gèlè tí ó dà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àfi ti Mogbọ́nọlá nìkan. Nígbà tí ó wọlé, gbogbo ojú sì bá a dé ìjókòó rẹ̀.

Ayé ìgbà náà ti lọ. Adédùntán ti sùn, koríko sì ti bo ojú irin Ìdí-Ọ̀dán. Mogbọ́nọlá ni ó pẹ́ jù láyé nínú wọn. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kò wé gèlè mọ́. A máa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa ṣí orí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, a máa sọ ìtàn yìí fún ẹni tí ó bá yà. Bí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bá bi í pé, "Màmá, gèlè yín dà?" a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ó ti yẹ mí tó."

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá pa òwe yìí, kí ó pa á tán: gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni.