Ilé Tí Wọ́n Fá Àmì Ara Igi Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ tí ó jogún ilé ńlá kan láàárín oko. Ilé náà ti gbó ju bàbá bàbá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni ó kọ́. Ó dáná sí àárín rẹ̀, òun àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ oko sì jọ ń yáná níbẹ̀. Èéfín kò ní ọ̀nà mìíràn ju àárín òrùlé lọ. Ọmọ rẹ̀ fi yàrá òkè kún un. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fi bíríkì mọ ọ̀nà èéfín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báyìí ni olúkúlùkù ń fi tirẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òrùlé gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ náà, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Má rò pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ o. Igi óákù, igi ilẹ̀ wọn kan tí ó le tí ó sì wúwo bí ìrókò, ni egungun rẹ̀, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n sì fi rẹ́ ògiri. O ti gbé ilé alámọ̀ rí, o mọ bí ó ṣe ń rí. Bí òjò bá ti rí orí ògiri báyìí, ó parí.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ilé rẹ̀, àmọ́ ojú ń tì í nítorí òrùlé yẹn. Èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti sọ àwọn igi rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò, ìlà ṣákaṣàka sì kún ara wọn bí ẹni pé ọmọdé fi ọ̀bẹ ṣeré níbẹ̀. Bí àlejò bá wọlé tí ó fẹ́ gbójú sókè, kíá ni onílé á ti fà á lọ wo ọ̀nà èéfín bíríkì.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè, wọ́n rí i pé mẹ́ta nínú igi òrùlé náà ti jẹrà. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà àgbà kan. Bàbá yìí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n tú gbogbo òrùlé sílẹ̀, òun yóò lọ gé igi mẹ́ta tuntun, wọn yóò sì tò ó padà kí ìgbà òtútù tó dé. Wọ́n tú u. Ọgọ́ta igi tí ó ṣì le ni wọ́n tẹ́ kalẹ̀ sínú àgbàlá. Bí káfíńtà ti ń múra àtilọ sínú igbó, ó yíjú padà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọn igi yìí títí n ó fi dé."

"Kí ló dé, bàbá?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ ni ọkùnrin yìí ń wò. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ó rò ó pé irú àyè báyìí kò tún ní í yọ mọ́. Igi tí ó ti ń dójú tì í látòkè ni ó sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí. Ó pe àwọn alágbàṣe, ó ní kí wọ́n fá gbogbo wọn. Wọ́n fá wọn títí wọ́n fi ń dán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

Káfíńtà dé pẹ̀lú igi mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rìn láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì, ó ń fi ìka wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ó jókòó sínú koríko.

"Ọ̀gá, ẹ ti pa mí. Àmì ni àwọn ìlà yẹn! Ẹni tí ó gbẹ́ igi wọ̀nyí gbẹ́ ẹnu ọ̀kan kí ó lè ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò èkejì, kò sì tún bá ihò mìíràn mu. Ó wá fa ìlà kan sára àwọn méjì yẹn, ó fa ìlà méjì sára àwọn méjì mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ẹnì kan yóò tú u lọ́jọ́ kan. Èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀."

Jìnnìjìnnì bo ọkùnrin náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí yìnyín bẹ̀rẹ̀, ògiri amọ̀ tí baba ńlá rẹ̀ mọ sì wà ní ìhòòhò. Àwọn kan ní kí ó sun igi náà kí ó gé òmíràn, bí ẹni pé ọgọ́ta igi óákù ṣeé gé kí a sì gbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn kan ní kí ó kúkú fi ilé sílẹ̀ kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àna rẹ̀. Ó wọ inú gbọ̀ngàn tí kò lórí mọ́ lọ, ó sì sunkún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó jáde, ó lọ bá bàbá náà nínú koríko.

"Bàbá, èmi ni mo ṣe é. Ẹ má bínú. Ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan ni?"

Káfíńtà ti ń wo ẹnu igi kan láti ìgbà tí ó ti jókòó. Ó tọ́ka sí ihò kékeré tí wọ́n máa ń ki èèkàn bọ̀ kí igi méjì má bàa já sílẹ̀.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi lu ihò yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara lẹ fá, ẹ ò fá inú. Bí igi méjì kì í bá ṣe ti ara wọn, ihò wọn kò ní í ṣe déédéé, èèkàn kò sì ní í wọlé. A ó máa dán wọn wò ní méjì méjì. Ó máa pẹ́, ó sì máa ro èèyàn lápá."

"Apá ta ni?"

"Tiyín náà wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀. Igi óákù kì í ṣe igi ìdáná. Ènìyàn mẹ́fà ni ń gbé ẹyọ kan. Wọ́n gbé ọ̀kan ti èkejì, kò wọ̀. Wọ́n gbé e ti ẹ̀kẹta, kò wọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn kò rí ẹyọ kan tí ó bára mu, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Ní ọjọ́ kejì, bàbá náà ki èèkàn bọ ihò kan, ó fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé ṣinṣin. Gbogbo àgbàlá hó yèè. Onílé fúnra rẹ̀ ni ó mú irin, tí ó fa ìlà kan sára àwọn méjèèjì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí wọ́n ti ń rí ọ̀kan ni èyí tí ó kù láti dán wò ń dín kù, títí ó fi di pé wọ́n ń rí mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sórí òrùlé. Kò bọ́ sórí ògiri.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ẹbí rẹ fi ṣe olórí lọ́dún tó kọjá, gbọ́ o. Ìpàdé oṣooṣù tí bàbá rẹ máa ń pè, o ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lóbìnrin, tí ó máa ń bá àwọn ìyàwó ilé yanjú ọ̀rọ̀, o ní kí ó lọ sinmi. Mo mọ̀ pé o kò ní ọkàn búburú. Ilé ni o rò pé ò ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n wo agboolé yín lónìí, ta ni ń kí ta ni? Má sọ fún mi pé ó ti bàjẹ́ tán, má sì kó lọ síbòmíràn. Ọmọ ìyá ṣì ni wọ́n, wọ́n ṣì bára wọn mu. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, lọ bẹ ìyá àgbà yẹn. Òun ni yóò sọ fún ọ ilẹ̀kùn ẹni tí o máa kọ́kọ́ lọ kàn.