Ìdáhùn Tó Wà Lójú Kábíyèsí

Lọ́jọ́ tí ọba ìlú Agbọnrè fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ, ó ránṣẹ́ pe Felísíà, opó tó ń darí ìjọ kékeré kan nílùú. Ó ju awẹ́ obì kan sẹ́nu, ó ní: "Ìwé yín ní Ọlọ́run kábàámọ̀ pé òun dá ènìyàn. Ìwé kan náà ní ó mọ ohun gbogbo, kì í sì í yí padà. Èwo nirọ́ níbẹ̀? Bí obì yìí bá tán lẹ́nu mi láìsí ìdáhùn, màá ti ṣọ́ọ̀ṣì yín pa." Felísíà kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá ọmọ yín padà, wọn ò tíì dé ẹnubodè." Ọba fara ya: "Nítorí kí ni? Èmi ni mo yan ọkọ, èmi ni mo dá ọjọ́ ìgbéyàwó!" "Bóyá ẹ ò mọ̀ pé ilé á ṣófo." "Mo mọ̀ kí n tó dájọ́! Mi ò sì ní yí i padà!" "Kí ló wá pa yín lẹ́kún nígbà tí ẹ ń súre fún un?" Ọba fọwọ́ kan ojú, ó ṣì lómi. Felísíà ní, "Bó ṣe dùn yín yẹn, Kábíyèsí, ló ṣe dun Ọlọ́run." Ọba na awẹ́ obì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí i: "Gbà, jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ bá mi gbàdúrà fọ́mọ mi."