Ọwọ́ Tó Wà Nínú Ọ̀kẹ́rẹ́

Ní àdúgbò wa l'Abẹ́òkúta níbí, a máa ń wí pé, “Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọláńgidi ló ń gba ìkíni.” Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á yanu. Ìgbà wo ni ọwọ́ di ẹlẹ́nu? Ta ní í kí ọmọláńgidi? Àwọn mìíràn rò pé òwe ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni, tó ń bínú. Kì í ṣe ìbínú ló bí i. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mopélọ́lá. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ètò àwọn ọmọdé tí wọ́n máa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ògbólógbòó kúbùsù rán ọmọláńgidi kan ní àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́, tó fi bọ́tìnnì ṣe ojú fún un. Bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, á ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ tábìlì, á ti ọwọ́ bọ inú Ọ̀kẹ́rẹ́, á nà án sókè, á wá máa fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ á kọrin, á pa àlọ́, á bá ọmọ tí kò fẹ́ jẹun wí. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i. Ọ̀kan tilẹ̀ di ẹ̀pà sínú lẹ́tà tirẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Mopélọ́lá fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Nígbà mìíràn tó bá wọkọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ tó jókòó tì í á máa sín Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ, wọn á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣílẹ̀kùn ilé, á ní, “Ẹ kúulé o.” Kò sẹ́ni tí yóò dáhùn.

Lọ́dún kan, wọ́n pe Ọ̀kẹ́rẹ́ wá síbi àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n ta aṣọ síwájú Mopélọ́lá. Àwọn ọmọ ń hó yèè, “Ọ̀kẹ́rẹ́! Ọ̀kẹ́rẹ́ wa!” Ariwo náà wọ̀ ọ́ lára débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n kí èmi náà.” Ló bá fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó yọ ọwọ́ kúrò nínú Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ rọ̀ jọwọlọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi rèé o! Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀!”

Ọmọ ọdún mẹ́fà kan tó ń jẹ́ Mọríyámọ̀ bú sẹ́kún: “Obìnrin yìí ti pa Ọ̀kẹ́rẹ́!” Ni ẹkún bá ran gbogbo ọmọ, àwọn olùkọ́ sì kó wọn jáde. Ó wá ku Mopélọ́lá nìkan láàárín àga.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó béèrè ilé Mọríyámọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, ó ki Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ inú báàgì, ó gbọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ó bá ìyá àgbà ọmọ náà níwájú ilé, tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó sì sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un.

“Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà,” ni màmá wí.

“Ẹ jẹ́ kí n wọlé kó tó rí mi, mà.”

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn aṣọ ẹnu-ọ̀nà yàrá, ó ti ọwọ́ bọ inú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó nà án jáde, ó fi ohùn tín-ín-rín pe ọmọ náà.

“Mọríyámọ̀!”

“Ọ̀kẹ́rẹ́? Ṣebí wọ́n ti pa ẹ́!”

“Ta ló pa mí? Oorun ló gbé mi lọ. Ariwo yín ọjọ́ náà ti pọ̀ jù.”

Ọmọ náà sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ra. Lẹ́yìn aṣọ, Mopélọ́lá mọ ìka kéékèèké náà lára. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ yẹn mú bẹ́ẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ̀n.

“Mo fẹ́ràn ẹ,” ni ọmọ wí.

“Mo gbọ́,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn.

Nígbà tí Mọríyámọ̀ jáde lọ ṣeré, màmá gbé àga fún àlejò rẹ̀. “Ẹ jẹ́ n pè é padà kó wá kí yín. Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́.”

Mopélọ́lá mi orí. “Ẹ má pè é, mà. Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọláńgidi ló ń gba ìkíni. Mo ti yọ ọwọ́ síta rí kí n lè gbà á fúnra mi. Ẹ ṣáà rí i, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́.”

Ó nu ojú rẹ̀, ó dá nìkan gba ilé lọ. Nígbà tó di Sátidé, ó tún ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ tábìlì.

Màmá ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn aládùúgbò. Títí dòní, bí a bá rí ẹni tó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí ọmọ fi yege, tí ẹlòmíràn ń gba ìkíni oríire rẹ̀, a ó sún mọ́ ọn, a ó rọra wí fún un pé, “Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọláńgidi ló ń gba ìkíni.” Ìkíni tiwa fún ọwọ́ nìyẹn.