Ẹyin Tíṣà Odídẹrẹ́

Nígbà láéláé, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ ń lọ, lábẹ́ igi ìrókò. Odídẹrẹ́ ni tíṣà wọn. Ẹ̀kọ́ kan náà ló ń kọ́ wọn látàárọ̀ dalẹ́: ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá ti wí, kí wọ́n wí i tẹ̀lé e. Ó parí.

Àkókó ńkọ́? Háà, ọmọ yẹn! Bí tíṣà bá ní, "Ẹ káàárọ̀," Àkókó á kọjú sí igi: kó-kó-kó-kó!

"Àkókó! Kí ni mo wí?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Inú igi yìí ló ṣófo, mo fẹ́ wò ó ni."

"Orí tìrẹ ló ṣófo! Olódo! Gbéra, máa lọ ilé yín!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Àkókó wọra, ó sunkún títí ó fi dé ìdí igi gbígbẹ kan. Ta ni yóò bá a wí níbẹ̀? Ó gbẹ́ ihò títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kò pẹ́ ni àsìkò tó tí Odídẹrẹ́ máa yé ẹyin. Kò nílé, orí ẹ̀ka lásán ló ń gbé. Ó yé àkọ́kọ́, ó yí gbirigbiri, ó jábọ́, ó fọ́! Odídẹrẹ́ figbe ta. Èkejì sì ń bọ̀. Ó fi gbogbo gírámà rẹ̀ bẹ igi pé kó lanu. Igi ò dá a lóhùn.

Ló bá fò lọ bá Àkókó lẹ́nu ihò rẹ̀. "Àkókó, ọmọ mi àtàtà!"

"Ẹ káàsán, Tíṣà. Ṣé Olódo lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Dákun, forí jì mí. Ẹyin mi á tún fọ́!"

Àkókó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tótó ó ṣe bí òwe o: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́la, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí ló wù ú, kí ẹ sì dákẹ́ títí á fi dáhùn."

"Kí n dákẹ́? Èmi Odídẹrẹ́?"

Ẹyin yí nínú rẹ̀.

"Mo gbà! Mo gbà! Yà fún mi!" Ó sáré wọ ihò, ó sì yé e láyọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gà ní màrìwò híhun ló wu òun. Pẹ́pẹ́yẹ ní odò ni. Tíṣà dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú!

Láti ọjọ́ náà ni Odídẹrẹ́ ti ń yé ẹyin sínú ihò tí kì í ṣe òun ló gbẹ́ ẹ. Bẹ́ ẹ bá sì bá a sọ̀rọ̀ lónìí, á kọ́kọ́ panu mọ́, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa tẹ́tí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ fún un o. Tíṣà ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.